Láptọ́ọ̀pù mi ń wọ́ bí ìgbín: ṣé kí n fi ráàmù kún un ni, àbí kí n pààrọ̀ háàdì díìsìkì?

TíṣàYorùbá_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, 7:48 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. HP EliteBook 840 G1 ni mo ń lò. Tòkunbọ̀ ni, mo rà á lọ́dún 2018, kò sì já mi kulẹ̀ rí títí di ọdún tó kọjá. Core i5-4300U ló wà nínú rẹ̀, ráàmù rẹ̀ jẹ́ 4GB, háàdì díìsìkì rẹ̀ jẹ́ 500GB, irú èyí tó ń yí. Windows 10 ló ń lò.

Bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè lọ gbé omi kaná, kí n po ògì, kí n mu ún tán, kó tó ṣí. Mo wo aago lánàá: ìṣẹ́jú méje àti ààbọ̀. Bí mo bá ṣí Word àti Chrome pọ̀, ó di kí n káwọ́ gbera máa wò ó. Nínú Task Manager, 100% ṣáá ni mo ń rí níbi tí wọ́n kọ Disk sí. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó tún ti ń dún nínú: kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fi èékánná ta páálí.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tilẹ̀ tú u. Ó ní ó ti darúgbó, kí n tà á fún òun, kí n fi owó lé e, òun á bá mi wá òmíràn. Owó tó pè ju owó oṣù mi méjì lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn nìkan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìdánwò ọdún mẹ́fà tí mo ti tẹ̀ fún àwọn ọmọ SS wà lórí rẹ̀. Ohùn ìyá tó bí ìyá mi náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019 ni mo lọ bá wọn ní Ìsẹ́yìn, tí mo gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu wọn, àpapọ̀ rẹ̀ tó wákàtí mẹ́ta. Ìyá ti papòdà báyìí. N kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Fóònù tí mo fi gbà á ti bàjẹ́ tipẹ́.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ mi, ráàmù ni àbí dírááfù?

Ẹnjiníà_Òtígbà (Ọjọ́ Ajé, 8:30 àárọ̀)

Tíṣà, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tà á. Ẹni tí kò tú ẹ̀rọ wò kó tó ní ó ti darúgbó, ọjà ló ń wá.

Mo ti tú 840 G1 tí n kò lè kà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkẹjà. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó ni ín lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ìdérí abẹ́ rẹ̀ kò ní skúrù rẹpẹtẹ. Ìkọ́ kan wà tí ẹ máa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdérí á sún, á sì ṣí. Lójú ẹsẹ̀ lẹ máa rí bátìrì, dírááfù, ráàmù àti fáànù. Ojú ihò ráàmù méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 8GB, àpapọ̀ 16GB. SATA (orúkọ irú ìsopọ̀ tó ń lò) oní-íǹṣì méjì àti ààbọ̀ ni dírááfù rẹ̀, èyí tó tínrín, tó jẹ́ mìlímítà méje.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá aláta ní àtẹ níwájú, ó sì ní àká nílé. Ráàmù ni àtẹ, dírááfù ni àká. Ohun tó bá wà lórí àtẹ, ọwọ́ á tó o kíá. Bí àtẹ bá kéré tí oníbàárà sì pọ̀, ìyá á máa sáré lọ sí àká, á tún máa sáré bọ̀. 4GB ni àtẹ tiyín. Windows àti Chrome nìkan ti jókòó lé e tán, ni kọ̀ǹpútà bá ń gbé ẹrù tí àtẹ kò gbà lọ pa mọ́ sórí dírááfù, tó tún ń lọ gbé e wá. Ohun tó ń fa 100% yẹn nìyẹn, ó kéré tán apá kan rẹ̀.

Apá kejì ni pé àká yín fúnra rẹ̀ jìnnà. Nínú háàdì díìsìkì, àwo ló ń yí, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí apá tín-ín-rín kan ń lọ tó ń bọ̀ lókè rẹ̀ láti wá ibi tí nǹkan wà. Bí fáìlì bá fọ́n káàkiri, kò lè dé ju bí ọgọ́rùn-ún ibi lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD, irú dírááfù tí wọ́n fi ṣíìpù ṣe, kò ní àwo, kò ní apá. Ó lè dé ibi tó ju ẹgbàárùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà mi pé kó kọ́kọ́ ra SSD, kí ráàmù tẹ̀ lé e.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ìró kẹ́-kẹ́ tí ẹ sọ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ wá ẹni tó lè bá yín gbé CrystalDiskInfo, ètò tó ń wo ìlera dírááfù, sórí fláàṣì, irú èyí tí a kì í gbé sínú ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí i láti orí fláàṣì, kí ẹ sọ ohun tó kọ síwájú 05, 09, C5 àti C6 fún wa, àwọn ìlà tí dírááfù fi ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹ tún lọ sí Performance nínú Task Manager, ẹ tẹ Memory, ẹ wo Slots used. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa á, kí ẹ má tàn án mọ́ títí a ó fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Ifẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà. Mo fẹ́ jẹ́rìí sí i. Nígbà tí mo wà ní 300 level, ráàmù ni mo kọ́kọ́ fi kún tèmi, mo gbé e láti 4GB sí 8GB. Chrome rọrùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti tàn án ṣì jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti ná owó tán, mo wá ń ṣọ́ owó jẹ fún oṣù mẹ́rin kí n tó lè ra SSD. Ọjọ́ tí mo fi SSD sí i ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò lárùn tẹ́lẹ̀. Bí owó kò bá ká méjèèjì, Tíṣà, ẹ jẹ́ kí SSD ṣáájú.

TíṣàYorùbá_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, 4:17 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà níléèwé wa ló bá mi ṣe é. Àwọ̀ ìyeyè ló mú wá, ó kọ Caution síbẹ̀. Iwájú 05, òdo ni. Iwájú C5, ó kọ 18. C6, òdo. Ti 09, iye wákàtí tí dírááfù ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n kọ Power On Hours sí lókè, ó lé ní wákàtí 31,000. Ní ti ráàmù, ó ní ihò kan nínú méjì ni mò ń lò.

Mo ti pa á. Àyà mi ń já.

Ẹnjiníà_Òtígbà (Ọjọ́ Ajé, 4:52 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà, ẹ sì ṣe dáadáa tí ẹ pa á. Èèyàn púpọ̀ á ṣì máa tẹ̀ ẹ́ lọ ni.

C5 ni kí a fojú sí. 18 tí ẹ rí yẹn, ìṣirò onímẹ́rìndínlógún ni ẹ̀rọ yẹn fi ń kọ ọ́, mẹ́rìnlélógún ni ní ìṣirò tiwa. Ibi mẹ́rìnlélógún ló wà lórí àwo náà tí dírááfù gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Kò tíì yọ wọ́n sílẹ̀, ó ń dúró bóyá yóò rí wọn kà lẹ́yìnwá ọ̀la. Èyí pẹ̀lú ìró yẹn, dírááfù ọ̀hún ti ń kú lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ fún yín bóyá ọ̀sẹ̀ kan ló kù ún ni tàbí oṣù mẹ́fà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀rọ̀ ìyára ti di kejì. Ohùn Ìyá ni àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe chkdsk, ètò tí Windows fi ń yẹ dírááfù wò, lórí rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ní kí ẹ ṣe é, torí ó máa ń kọ nǹkan sórí dírááfù aláìsàn, ó sì lè gé fáìlì dànù. Ẹ má ṣe defrag, ìyẹn títo fáìlì tó fọ́n ká jọ. Ẹ má gbé ohunkóhun tuntun sínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tú dírááfù náà fúnra rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́: apá tó ń kà á súnmọ́ àwo ju ìnípọn irun orí lọ fíìfíì, eruku kékeré kan ti tó láti ha á.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ yá háàdì díìsìkì ìta tó tóbi ju 500GB lọ. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi Linux, ètò mìíràn tó lè ṣiṣẹ́ dípò Windows, sórí fláàṣì, kó fi fláàṣì yẹn tan láptọ́ọ̀pù, kí Windows má baà jí rárá. Kó kọ́kọ́ da àwọn fáìlì ohùn nìkan kọ sórí fláàṣì mìíràn. Bí ìyẹn bá ti bọ́ sí i, kó wá fi ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dírááfù aláìsàn, gba gbogbo dírááfù. Ddrescue kì í jìjàkadì pẹ̀lú ibi tó bàjẹ́. Ó máa ń fò ó, á kó ibi tó dára wọlé ná, lẹ́yìn náà ló máa padà síbi tó le. Àṣẹ tó máa tẹ̀ ni èyí:

ddrescue -d -r3 /dev/sda dirafu.img dirafu.map

Kó fara balẹ̀ wo orúkọ dírááfù kó tó tẹ̀ ẹ́, torí ẹni bá fi ibi tí à ń kó lọ sípò ibi tí à ń kó bọ̀, ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Fáìlì map yẹn ni ìwé ìrántí rẹ̀. Bí iná bá lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ṣùgbọ́n orí háàdì díìsìkì ìta ni kó tọ́jú map sí. Bó bá fi sínú Linux orí fláàṣì, inú ráàmù ló wà yẹn, bí iná bá sì lọ, ó ti lọ.

Bàbá_Ìkòròdú (Ọjọ́ Ajé, 8:11 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Mo bọ̀wọ̀ fún Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé a ń fi ààké gé ewúro. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń fi Clonezilla ṣe ẹ̀dà dírááfù. Kí Tíṣà ra SSD, kó fi wáyà USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kó ṣe ẹ̀dà háàdì díìsìkì sórí rẹ̀, kó sì pààrọ̀ wọn. Ní alẹ́ kan ó ti parí. Gbogbo ohun tó ní ló máa bá níbi tó fi í sí.

Ẹnjiníà_Òtígbà (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Fún dírááfù tí ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ yín kò ní àbùkù, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ti Tíṣà yìí ni mo ń ṣọ́ra fún. Bí Clonezilla bá kan ibi tí kò ṣeé kà, yóò dúró, àfi bí èèyàn bá mọ̀ pé òun lè yan rescue nínú rẹ̀. Kí ó tó dúró, ó ti lu ibi tó bàjẹ́ yẹn léraléra. Ìkejì ni pé ẹ̀dà Windows tí fáìlì rẹ̀ ti fọ́ lápá kan, àìsàn la gbé sínú ilé tuntun.

Bàbá_Ìkòròdú (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

N kò rántí ìró tó ń dún yẹn nígbà tí mo kọ ọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Tíṣà, ẹ tẹ̀ lé tiwọn.

Àjàní_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n máa tún láptọ́ọ̀pù tí àwọn iléeṣẹ́ ti lò tì ṣe. Mo fẹ́ ṣàlàyé wákàtí 31,000 tí Tíṣà rí yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù dànù, wọn kì í fẹ́ kí dátà oníbàárà wọn bá a lọ. Wọ́n á nù ún mọ́, tàbí kí wọ́n yọ dírááfù rẹ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n yọ dírááfù rẹ̀, ẹni tó bá rà á ló máa wá dírááfù àlòkù mìíràn fi sí i. Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù lè ṣì lágbára kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti gbó ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó wo 09 kó tó sanwó.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà: SSD 2.5-íǹṣì SATA, 480GB tàbí 500GB ti tó. Bí ẹnì kan bá ní NVMe, irú SSD mìíràn, yára jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín kò lè jẹ oúnjẹ yẹn. SATA rẹ̀ jẹ́ 6Gb/s, SSD tó dára á fún yín ní bí 550MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn sì ti ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹ sá fún SSD 2TB tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, fláàṣì kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì tàn án kó máa purọ́ bí ó ṣe tóbi tó. Ètò H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Linux á kọ nǹkan kún un dé ẹnu, á sì kà á padà. Irọ́ á hàn.

Ráàmù: ẹ gbọ́ èyí dáadáa. DDR3L ni 840 G1 ń gba, èyí tó ń lo iná 1.35V. Lára ìlẹ̀mọ́ rẹ̀ ẹ máa rí PC3L-12800S. Lẹ́tà L yẹn ni kí ẹ wá. Èyí tí kò ní L ń lo 1.5V. Ihò wọn bára mu, yóò wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ní jí.

Ọmọ_Ifẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, kí ni Tíṣà máa wá gbé sórí SSD tuntun? Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ṣì lè rí àtúnṣe ààbò gbà títí di oṣù kẹwàá 2026, lẹ́yìn ìyẹn ó tán. Windows 11 kò gba 840 G1, torí Intel ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìran kẹrin sì ni i5-4300U. Ọ̀nà wà tí àwọn kan ń gbà fi tipátipá gbé e sí i, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn sórí ẹ̀rọ tí olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́.

Linux Mint ni mo dábàá. Ọ̀fẹ́ ni, ó fúyẹ́, LibreOffice wà nínú rẹ̀. Tíṣà á sì fẹ́ràn èyí: nínú ètò kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, bí ẹ bá wá abẹ́ Nigeria, ẹ máa rí Yoruba níbẹ̀. Ẹ kò ní láti wá ètò kankan níta.

TíṣàYorùbá_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, mo ní ìròyìn.

Ọjọ́rú lẹ́yìn ilé-ìwé ni a bẹ̀rẹ̀. Fáìlì ohùn mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Mẹ́tàlá wọlé wẹ́rẹ́ sórí fláàṣì. Ìkẹrìnlá dé ìdajì, ló bá dúró, dírááfù ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ láìdákẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ ddrescue. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ dùn-ún wò, ó ń sáré. Lẹ́yìn náà ló ń rá. Láàárín òru iná lọ, bátìrì mi kò sì lágbára mọ́, gbogbo rẹ̀ kú. Ká ní a kò tọ́jú map sórí háàdì díìsìkì ìta bí Ẹnjiníà ṣe sọ, à bá ti padà síbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná dé, a tẹ àṣẹ kan náà, ó sì tẹ̀síwájú láti ibi tó dé. Ìrọ̀lẹ́ òní ló parí. Ó kọ 99.99%.

A ti kó àwọn fáìlì jáde láti inú ẹ̀dà náà. Ìdánwò mi pé. Fáìlì ìkẹrìnlá ṣí! Ó ń dún, ṣùgbọ́n ó gé níbì kan, bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ibi tí Ìyá ti ń kí ìyá wọn ni, níbi tí ẹni tó ń lọ ilé ọkọ ti ń dúpẹ́ ọmú. Wọ́n mí kanlẹ̀, ohùn wọn gé, mo wá gbọ́ wọn padà lórí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Mo mọ ohun tó wà láàárín, torí èmi ni mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kó tó ṣòfò lọ́kàn mi.

N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bàbá_Ìkòròdú (Ọjọ́bọ̀, 10:03 alẹ́)

Ọlọ́run tún tọ́jú wọn fún wa. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn tí kì í ṣe tiyín.

TíṣàYorùbá_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:35 ọ̀sán)

Ẹ gbà mí o. SSD 500GB dé, ráàmù 8GB dé. Mo ní kí n ṣe é fúnra mi, ojú mi sì rí i pé ó ṣeé ṣe. Mo tẹ́ aṣọ àlà sórí tábìlì. Nítorí ọyẹ́ tó mú, tí nǹkan kékeré ń ta èèyàn lọ́wọ́ bí a bá bọ́ súwẹ́tà, mo yọ súwẹ́tà kúrò lọ́rùn, mo fọwọ́ kan irin fèrèsé kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo yọ ṣájà, mo yọ bátìrì, mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá ogún kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán.

Eruku inú rẹ̀ pọ̀, ó dì mọ́ ẹnu fáànù bí òwú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Dírááfù tòun ti irin tó dì í mú jáde pọ̀. Mo tú skúrù rẹ̀, mo gbé SSD sínú irin náà, mo dá a padà. Ó fúyẹ́ débi pé mo rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ráàmù, mo dojú ibi tó gé ní etí rẹ̀ kọ ti ihò, mo tì í wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún kẹ́.

Mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú. Fáànù ń yí, iná orí Caps Lock ń ṣẹ́jú, kò sí nǹkan mìíràn. Ṣé mo ti ba ẹ̀rọ náà jẹ́ ni?

Ẹnjiníà_Òtígbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:41 ọ̀sán)

Ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Bí iná Caps Lock bá ń ṣẹ́jú báyẹn lára HP, ẹ̀rọ náà ń sọ ohun tó ń dùn ún ni, ráàmù ni mo sì fura sí. Ẹ pa á, ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ ráàmù tuntun, kí ẹ fi ti àtijọ́ nìkan tàn án. Kí ẹ sì ka ohun tó wà lára ìlẹ̀mọ́ ti tuntun fún mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.

TíṣàYorùbá_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:58 ọ̀sán)

Ti àtijọ́ nìkan, ó ṣí! Tuntun: 8GB 2Rx8 PC3-12800S.

Kò sí L. Mo sì sọ fún ẹni tó tà á pé PC3L ni mo fẹ́. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àjàní_Peckham (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:10 ọ̀sán)

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, mà. Ẹ gbé e padà fún un, kí ẹ sì mú ti àtijọ́ yín dání kó fojú ara rẹ̀ rí L lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí 8GB tó tọ́, ẹ má yọ 4GB yín dànù. Àpapọ̀ 12GB ni ẹ máa ní. 4GB nínú 8GB yẹn á bá 4GB àtijọ́ ṣiṣẹ́ ní ìsopọ̀ méjì, èyí tó kù á dá ṣiṣẹ́. Àwòrán tó ń hàn lójú ẹ̀rọ yín, inú ráàmù kan náà ló ti ń jẹ, torí náà ìsopọ̀ méjì á ṣe é láǹfààní.

TíṣàYorùbá_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:25 alẹ́)

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi láìjà. Mo fi sí i, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gbé Linux Mint sórí rẹ̀. Mo wo aago: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlógún láti ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì títí dé ibi tí mo ti lè ṣiṣẹ́. Mo pa á, mo tún tàn án, torí n kò gbà á gbọ́. Bákan náà ni.

Lóòótọ́, tábìlì inú ìdánwò mi díẹ̀ yẹ̀ nínú LibreOffice, mo tò wọ́n padà láàárín wákàtí kan. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà níbi tí Ọmọ_Ifẹ̀ sọ, mo ṣì ń kọ́ ibi tí àmì wà. Owó tí mo ná lápapọ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó tí ọkùnrin ìjọ́sí pè.

Ohùn Ìyá wà níbi mẹ́ta báyìí: lórí SSD, lórí háàdì díìsìkì ìta lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn, àti lórí Google Drive. Ọjọ́ Ẹtì, mo máa gbé e fún àwọn ọmọ SS2 gbọ́ ní kíláàsì.

ÌyáÌbejì_Kútọnu (Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀)

Ẹ kú oríire, Tíṣà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, 840 G3 ni tèmi, ṣé PC3L náà ni kí n wá?

Ẹnjiníà_Òtígbà (Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀)

Rárá, Ìyá Ìbejì. DDR4 ni G3 ń gba, ihò rẹ̀ yàtọ̀, PC3L kò ní wọlé rárá. Tiyín tún ní àyè M.2, ihò fún SSD kékeré pẹlẹbẹ, yàtọ̀ sí ti 2.5-íǹṣì. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé CrystalDiskInfo sórí fláàṣì, kí ẹ sọ ohun tó wà níwájú 05, 09, C5 àti C6 fún mi. Kí ni ẹ ní lórí rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn?